p53 nínú jẹjẹrẹ Burkitt: ọdẹ tí wọ́n mú lólè

Ọ̀daràn méjì ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ nínú ìtàn jẹjẹrẹ Burkitt, irú lymphoma tó máa ń wú àgbọ̀n àwọn ọmọdé. Èkínní ni fáírọ́ọ̀sì tí Epstein, Achong àti Barr rí ní 1964, ọdún mẹ́fà lẹ́yìn tí Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ ní Kampala, kọ̀wé jáde nípa àrùn náà. Èkejì ni jíìnì MYC. Ní 1982 ni ó hàn pé ó ń ṣí kúrò lórí krómósómù 8 lọ bá àwọn jíìnì antibody, tí á sì máa lé sẹ́ẹ̀lì láti pọ̀ láìsinmi. Lójú tèmi, apá àwọn méjèèjì kò ká a bí ẹnì kẹta kò bá ṣubú. Ní 1985, Jerry Adams, Suzanne Cory àti ẹgbẹ́ wọn gbé MYC tó ń ṣiṣẹ́ sínú àwọn sẹ́ẹ̀lì B èkúté. Síbẹ̀, ó tó oṣù mélòó kan kí kókó tó yọ, sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló sì máa ń ti ṣẹ̀. Kí ni àwọn yòókù ń dúró dè?

Wọ́n ń dúró de ìṣubú ẹnì kẹta yẹn, jíìnì p53. Òun ló ń dá sẹ́ẹ̀lì tó bá ń pọ̀ níjàǹbá dúró, tàbí kí ó mú kí ó pa ara rẹ̀. Ó pẹ́ kí a tó mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹ̀dà tó ti bàjẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣàyẹ̀wò lẹ́yìn tí wọ́n rí p53 ní 1979, ó sì dà bí ẹni pé ó ń dá jẹjẹrẹ sílẹ̀. Ọdẹ ni wọ́n mú lólè, ẹ̀sùn náà kò sì kúrò lọ́rùn rẹ̀ títí di 1989. Ní 1991, Gaidano, Dalla-Favera àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rí àyípadà p53 nínú nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ẹran ara tí wọ́n gé lára àwọn aláìsàn Burkitt.

Ẹnì kan lè béèrè pé, ìdá méjì tó kù ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn rẹ̀ dé ní 1999, nígbà tí ẹgbẹ́ tí John Cleveland ń darí yẹ àwọn èkúté MYC wò: p53 bàjẹ́ nínú àwọn kan, nínú àwọn mìíràn, ARF tó ń ta p53 lólobó ló sọnù, tàbí kí Mdm2 tó ń jẹ p53 run pọ̀ jù. Jíìnì lè pé, kí iṣẹ́ rẹ̀ má sì sí. Ẹni tó bá ka àyípadà p53 nìkan yóò fojú kéré ìbàjẹ́ náà. Bẹ́ẹ̀ ni p53 kò dá wà, nítorí ní 2012 ni àwọn olùwádìí rí i pé ID3, adènà mìíràn, ń bàjẹ́ lemọ́lemọ́ nínú Burkitt.