Ooru Ẹbu àti Kẹ̀kẹ́ Tọ́báìnì

Ẹni tó bá ti dúró ní ẹbu rí, ní Ìsẹ̀ ni o, ní Èmùré ni o, yóò ti rí bí ooru ṣe ń rú láti inú dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń se ẹyìn. Ṣé ooru tó ń lọ lásán yìí kò lè tan gílóòbù kan ṣoṣo ni? Ìtàn kẹ̀kẹ́ irin tí ooru ń yí, tí wọ́n ń pè ní tọ́báìnì, ní ìdáhùn fún wa, bí kò tilẹ̀ dùn tó bí a ṣe fẹ́.

Irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì. Ọmọdé máa ń fi ewé àgbọn ṣe é, wọ́n á fi igi ìgbálẹ̀ gún un láàárín, wọ́n á wá máa sáré kí atẹ́gùn lè yí i. Ti irin kò yàtọ̀, àfi pé ihò tóóró ni ooru ń gbà jáde kó tó kọlu àwọn ewé irin tó yí kẹ̀kẹ́ ká. Eré ni ìṣòro ibẹ̀. Bí kẹ̀kẹ́ bá dúró gbọin, ooru á kàn ta padà pẹ̀lú agbára rẹ̀. Bó bá ń sáré bíi ti ooru gan-an, ooru kò ní í bá a. Ìdajì eré ooru ló dára jù fún etí kẹ̀kẹ́, torí ìgbà náà ni ooru ń fi agbára sílẹ̀ jù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ooru lè sáré 1,000 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí etí kẹ̀kẹ́ tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 20 sẹ̀ǹtímítà tó sáré 500, ó ní láti yí ju ìgbà 47,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan! Bí kẹ̀kẹ́ bá ṣe kéré tó ni ìyà eré rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ẹ̀rọ tí dókítà eyín fi ń gbẹ́ eyín, tí atẹ́gùn ń yí, lè kọjá 300,000. Ẹni tó bá ti gbọ́ igbe rẹ̀ rí kò ní í jiyàn.

Gustaf de Laval, ará Sweden, ń wá ohun tí yóò yí ẹ̀rọ tó ń ya ọ̀rá kúrò lára wàrà. Láàárín 1880 sí 1890 ló ṣe kẹ̀kẹ́ tó ń yí tó ìgbà 30,000. Dípò ọ̀pá tó nípọn, ọ̀pá tín-ín-rín tó lè tẹ̀ ló fi sí i láàárín, kí kẹ̀kẹ́ lè fúnra rẹ̀ wá ojú ìdúró rẹ̀. Lójú tiwa, ọgbọ́n ọ̀pá yẹn ló ga jù nínú ìtàn yìí. Lẹ́yìn náà ló fi jíà dín eré kù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Charles Parsons to kẹ̀kẹ́ púpọ̀ sórí ọ̀pá kan ní 1884, kí ooru lè máa fi agbára sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tirẹ̀ náà ṣì ń yí tó 18,000.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ẹbu wàyí. Ooru dúrọ́ọ̀mù tí a kò dé pa kò ní agbára tí yóò fi sáré. Ẹni tó bá sì dé e pa lórí iná, bọ́ǹbù ló ń sè. Ìkòkò irin tó nípọn, tó ní ibi tí ooru tó bá pọ̀ jù ń gbà jáde, nìkan ló lè gbà á, owó rẹ̀ kò sì kéré. Bẹ́ẹ̀ ni àlàfo gbọ́dọ̀ wà láàárín ewé kẹ̀kẹ́ àti ilé rẹ̀ kí wọ́n má baà ha ara wọn. Àlàfo yìí kì í kéré tó bí kẹ̀kẹ́ ṣe kéré, nítorí náà ooru tó ń jò dànù lára kẹ̀kẹ́ kékeré pọ̀ ju ti ńlá lọ ní ìwọ̀n tirẹ̀.

Ẹ̀rọ ńlá mẹ́fà ni wọ́n gbé kalẹ̀ sí Egbin lẹ́bàá ọ̀sà Èkó láàárín 1980 sí 1990, ọ̀kọ̀ọ̀kan 220 mẹ́gáwáàtì. Ní ẹbu, ẹ́ńjìnnì tó ń mu dísù ló ń ṣiṣẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀mù tó ń hó.