"Kò Sí Hard Disk Nínú Kọ̀ǹpútà Yìí": Ìtàn F6, Tokunbo àti Ògbufọ̀ Tó Sọnù

Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ la ń lọ lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn ọba, kì í sì í ṣe ìtàn ogun. Ìtàn gbólóhùn kan ni, tí kọ̀ǹpútà máa ń kọ sójú, tí ó sì mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn ná owó tí kò yẹ kí wọ́n ná.

Gbólóhùn náà nìyí: Windows ní òun kò rí hard disk kankan nínú kọ̀ǹpútà yìí.

Ẹni tó bá fi Windows XP sórí laptop tokunbo ní nǹkan bí ọdún 2006 sí 2012 á rántí rẹ̀. Ojú ẹ̀rọ á di búlúù, lẹ́tà funfun á tò sórí rẹ̀, síìdì á máa yí gìrìgìrì, ẹ̀yin náà á ti rò pé iṣẹ́ ti ń parí lọ. Lójijì, ó ní òun kò rí hard disk. Bẹ́ẹ̀ hard disk wà níbẹ̀. Bí ẹ bá gbé etí sún mọ́ ọn, ẹ ó gbọ́ ìró rẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti máa ń sọ fún oníbàárà pé, "Hard disk yín ti kú o, ẹ wá owó òmíràn."

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, hard disk náà kò kú rárá. Ògbufọ̀ ni kò sí. Ohun tí ìtàn òní dá lé nìyẹn.

Ta ni ògbufọ̀ yìí?

Windows kì í bá hard disk sọ̀rọ̀ ní tààrà. Ẹ̀rọ kékeré kan wà láàárín wọn tó ń jẹ́ controller. Òun ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Windows, tó ń lọ mú fáìlì wá, tó sì ń gbé fáìlì lọ pamọ́. Controller yìí ní èdè tirẹ̀. Ètò kékeré tó ń kọ́ Windows ní èdè náà ni a ń pè ní driver. Bí a bá gbọ́ "driver", ọkàn wa á lọ sọ́dọ̀ dírẹ́bà tó ń wa ọkọ̀ láti Òjóò sí Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n ògbufọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ jọ jù.

Ní ọdún 1983, IBM gbé kọ̀ǹpútà PC XT jáde. Hard disk inú rẹ̀ kò ju 10MB lọ, ìyẹn nǹkan bí fọ́tò méjì tàbí mẹ́ta lórí fóònù yín òde òní. Páálí ńlá kan lọ́tọ̀ ni controller rẹ̀ nígbà náà, inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kì í bọ̀. Ní 1986, Compaq àti Western Digital wà lára àwọn tó gbé ọ̀nà tuntun dé: wọ́n so ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣẹ́ controller mọ́ hard disk fúnra rẹ̀. Wọ́n ń pe ọ̀nà náà ní IDE. Okùn rẹ̀ fẹ̀ bí ìgbànú, ihò 40 ló wà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn tó bá ti tú kọ̀ǹpútà àtijọ́ rí á mọ̀ ọ́n.

Èdè IDE yìí pẹ́ lóde, ó sì gbòde. Gbogbo Windows ló gbọ́ ọ. Nígbà tí Windows XP jáde ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 2001, ó gbọ́ IDE dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn ni SATA dé ní 2003, pẹ̀lú okùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ní 2004, Intel gbé èdè tuntun jáde fún SATA, orúkọ rẹ̀ ni AHCI. XP ti kúrò nílé ìwé kí olùkọ́ tuntun tó dé. Síìdì XP tí a ń lò kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ AHCI.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ náà fi wá dé ọ̀dọ̀ wa?

Ẹni tó ra kọ̀ǹpútà tuntun ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2007, Windows Vista ló bá nínú rẹ̀. Vista gbọ́ AHCI, nítorí náà kò sí wàhálà. Àwa ńkọ́? Tokunbo la ń rà.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network ti Amẹ́ríkà gbé ìròyìn kan jáde lórí kọ̀ǹpútà àlòkù tó ń wọ Èkó. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé kọ̀ntẹ́nà bíi 500 ló ń wọlé lóṣooṣù, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè gbé kọ̀ǹpútà tàbí ojú kọ̀ǹpútà tó 800. Àwọn oníṣòwò fúnra wọn sọ fún wọn pé púpọ̀ nínú ẹrù náà kò ṣeé tún ṣe, kò sì ṣeé tà. Èyí tó dára nínú rẹ̀ ló ń lọ sí Òtìgbà ní Ìkẹjà, ibi tí gbogbo ayé mọ̀ sí Computer Village. Láti ibẹ̀ ló ń gba Ìbàdàn wọ Ọ̀yọ́, tó sì ń bá ọ̀nà kan náà lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Ìlú akẹ́kọ̀ọ́ ni ìlú méjèèjì. LAUTECH ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti 1990. Ní Ọ̀yọ́, ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni àgbà ti ìjọba àpapọ̀, Federal College of Education (Special), ti wà láti 1977, Ajayi Crowther University sì dé ní 2005. Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá wà, project á wà. Ibi tí project bá wà, business centre á wà. Bí kọ̀ǹpútà kan bá kọṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń gba project, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ nìkan mọ́, ọ̀rọ̀ bóyá ẹnì kan á bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde ni.

Vista wúwo. Ó kéré tán, 512MB ni memory tó ń béèrè. XP lè rìn lórí 64MB. Laptop tokunbo tó ní 512MB tàbí 1GB á máa mí gulegule lábẹ́ Vista, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi XP sí i, ó ń sáré. Nítorí náà XP ni gbogbo ènìyàn ń fẹ́. Bí a ṣe bọ́ sínú ọ̀fìn nìyẹn: Windows ọdún 2001 lórí ẹ̀rọ ọdún 2007.

F6, àti dískẹ́ẹ̀tì tí kò síbi tí a ó kì í sí

Microsoft kò ṣàì fi ọ̀nà àbáyọ sílẹ̀. Nígbà tí síìdì XP bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìlà kan máa ń jáde nísàlẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, pé ẹni tó bá ní driver tirẹ̀ kó tẹ F6. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, XP á ní kí ẹ kì driver náà bọ̀ ọ́. Níbo? Inú drive A, ìyẹn dískẹ́ẹ̀tì. Kò gba flash níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò gba síìdì.

Ẹ wo ìyà. Àwọn laptop tó nílò F6 gan-an ni kò ní ibi dískẹ́ẹ̀tì mọ́, nítorí pé dískẹ́ẹ̀tì tí kò gbà ju 1.44MB lọ ti di ohun àtijọ́ lójú àwọn tó ṣe wọ́n. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá ní kí ẹ wá fi ìwé ọkọ̀ ojú irin wọ bàálù.

Ọ̀nà méjì ni àwọn ẹnjiníà wa wá ń gbà. Èkíní, wọ́n á wọ inú BIOS, wọ́n á yí AHCI padà sí IDE. Dell Latitude D630, tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà náà mọ̀ dáadáa, ATA ló ń pè é. ThinkPad ń pè é ní Compatibility. Ní ti HP, SATA Native ni wọ́n máa ń pa. Orúkọ yàtọ̀, iṣẹ́ kan náà ni: controller á gbàgbé èdè tuntun, á padà máa sọ èdè tí XP gbọ́, hard disk á sì yọjú. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì péré ni.

Èkejì ni pé kí wọ́n kó driver sínú síìdì XP fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ètò kan wà tó ń jẹ́ nLite tí wọ́n ń lò fún èyí, wọ́n á sì jó síìdì tuntun. Ẹnjiníà tó bá ní irú síìdì bẹ́ẹ̀ kì í yá ẹnikẹ́ni.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ driver tó bá ẹ̀rọ mu? Gbogbo controller ló ní nọ́ńbà tirẹ̀, bí a ṣe ní nọ́ńbà ọkọ̀. VEN 8086 ni Intel, 10DE ni NVIDIA, 1106 ni VIA. DEV ló ń sọ èyí tó jẹ́ gan-an. Bí ẹ bá rí VEN 8086, DEV 2829, controller SATA ti Intel nínú laptop ìgbà D630 yẹn ni, lórí AHCI. Ẹni tó mọ nọ́ńbà kì í ṣe àfọ̀ṣẹ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á máa gbé driver kan tẹ̀lé òmíràn títí ilẹ̀ á fi ṣú, owó kafé á sì máa lọ ní wákàtí-wákàtí.

Bátìrì tó ń pa project

Ibi tó dùn mí jù nínú ìtàn yìí la dé báyìí. Ká ní wọ́n ti yí BIOS sí IDE, XP sì ń ṣiṣẹ́. Ìyípadà yẹn wà nínú ìrántí kékeré kan tí bátìrì pẹlẹbẹ kan ń gbé ró lórí pátákó inú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí iná bá wà nínú ẹ̀rọ, iná ló ń ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí NEPA bá mú iná lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, bátìrì nìkan ló ń ṣe iṣẹ́. Tokunbo tó sì ti lo ọdún mẹ́rin lókè òkun kí ó tó dé, bátìrì rẹ̀ ti rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, bátìrì náà á kú. BIOS á gbàgbé gbogbo nǹkan tí wọ́n sọ fún un, á padà sí bó ṣe wà nígbà tó tuntun. Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìgbà náà, AHCI nìyẹn. XP á bẹ̀rẹ̀, ojú ẹ̀rọ á di búlúù, nọ́ńbà 0x0000007B á jáde. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Windows kò lè dé ibi tí ilé rẹ̀ wà.

Gbogbo fáìlì wà níbẹ̀. Project wà níbẹ̀, orí kìíní títí dé orí karùn-ún. Kí ẹnì kan wọ BIOS, kí ó yí i padà sí IDE, kí ó ra bátìrì tuntun, ó parí. Àmì sì wà: aago kọ̀ǹpútà á ti padà sí ọdún tó ti kọjá tipẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ á ní fáírọ́ọ̀sì ni, á ní kí wọ́n format. Format ló wá pa project tí hard disk kò pa.

Àwọn tó gbọ́n nígbà náà ń lo Ubuntu. Láti 2005 títí di 2011, ilé iṣẹ́ Canonical ń fi síìdì Ubuntu ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá béèrè, níbikíbi láyé. Linux ń kó ọ̀pọ̀ ògbufọ̀ rẹ̀ dání nínú ara rẹ̀. Ẹ kàn máa tan kọ̀ǹpútà láti orí síìdì náà, hard disk tí XP ní òun kò rí á yọjú, ẹ ó sì kó fáìlì yín sórí flash. Ẹ̀rí wo ló tún kù pé hard disk kò kú?

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán

Microsoft dẹ́kun ìtọ́jú XP ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2014. Ẹ lè rò pé ìtàn ti parí níbẹ̀. Rárá o. Ìran Windows 7 bá irú rẹ̀ pàdé pẹ̀lú NVMe, nítorí pé 2009 ni Windows 7 jáde, 2011 sì ni ìlànà NVMe kọ́kọ́ jáde. Lónìí, laptop tó ní Intel ìran kọkànlá sókè lè ní ohun kan tó ń jẹ́ VMD nínú BIOS. Bí ó bá wà ní títàn, tí ẹ sì ń fi Windows sí i láti orí flash, ó lè ní òun kò rí drive kankan. Gbólóhùn ọdún 2007 náà ló padà wá, aṣọ ló pààrọ̀.

Ìyàtọ̀ kan wà tó dára: Windows òde òní kò béèrè dískẹ́ẹ̀tì. Ẹ lọ sí ojúewé ilé iṣẹ́ tó ṣe laptop yín, ẹ gba driver Intel RST, ẹ tú u sínú fódà kan lórí flash, kí ẹ sì tẹ "Load driver". Hard disk á yọjú.

Ìyàtọ̀ kan sì wà tí kò dára. Àwọn driver àtijọ́ ń parẹ́. Ní òpin ọdún 2019, Intel bẹ̀rẹ̀ sí yọ ọ̀pọ̀ driver àti BIOS àtijọ́ kúrò lórí ojúewé wọn. Ohun tó kù wà lọ́wọ́ àwọn olùtọ́jú bí Internet Archive, àti nínú àpò síìdì tó ti ń dá eruku ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ẹnjiníà àtijọ́. Ẹ má jẹ́ kí a da síìdì wọ̀nyẹn nù. Ìwé ìtàn ni wọ́n.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa, ohun mẹ́ta péré. Kí ẹ tó format, ẹ kọ́kọ́ wo BIOS, kí ẹ sì wo aago. Kí ẹ tó gbà pé hard disk ti kú, ẹ fi Linux orí flash wò ó. Lónìí tí laptop yín ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ gba driver controller rẹ̀ pamọ́ síbi tí kì í ṣe inú laptop náà.

Bí ẹ bá mọ ẹnì kan ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ tó ṣe iṣẹ́ yìí nígbà XP, ẹ ní kó sọ tirẹ̀ fún yín, kí ẹ sì fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa.