Ọ̀nà Odò Ògùn, Kí Mọ́tò Tó Dé

Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì láti Ìbarà lọ sí Láfẹ́ńwá á mọ̀ pé títì kì í ṣe tiwa. Tírélà ń tẹ fèrè lẹ́yìn, Máruwá ń já wọlé láti ọ̀tún. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àárọ̀ kùtù Sọ́ńdè la máa ń jáde.

Láti Passau ní Jámánì dé Vienna, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tó lé ní 300 kìlómítà ń tẹ̀lé odò Danube. Ibi tí ẹṣin ti máa ń fi okùn fa ọkọ̀ ojú omi láyé àtijọ́ ni wọ́n sọ di ọ̀nà.

Àwa náà ní ọ̀nà odò tiwa. Ní 1859, Robert Campbell, olùkọ́ ọmọ Jàmáíkà, wọ ọkọ̀ l'Ékòó, ó gba odò Ògùn gòkè wá sí Abẹ́òkúta. Arò ni èbúté. Bí òjò bá ti mú odò kún, epo pupa àti òwú á máa sọ̀kalẹ̀ lọ s'Ékòó. Tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, ó di ẹsẹ̀ àti ẹrù orí. Ẹ̀gbá mọ iyì ọ̀nà yẹn dáadáa. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì lé ọmọ ogun wọn kúrò ní Ìkòròdú ní 1865, ṣe ni wọ́n ti ọ̀nà pa mọ́ Èkó.

Relúwè tó wọ Ìbàdàn ní 1901 gba ẹrù lọ́wọ́ ọkọ̀ ojú omi. Mọ́tò tún gbà á lọ́wọ́ relúwè. Ẹ̀bá odò wá di ibi tí ẹnikẹ́ni ò rò mọ́.

Sọ́ńdè tó kọjá, a tẹ̀lé ipa ẹsẹ̀ kan nísàlẹ̀ Láfẹ́ńwá, ó parí síbi tí wọ́n ti ń kó yanrìn. Èjìká la fi gbé kẹ̀kẹ́ padà.