Palais Idéal

Palais Idéal jẹ́ ilé àrà olókùúta tí Ferdinand Cheval (1836–1924), apínlẹ́tà kan, fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ sí abúlé Hauterives, ní ìhà gúúsù-ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé, láàárín ọdún 1879 sí 1912. Cheval kò kọ́ṣẹ́ ayàwòrán-ilé, bẹ́ẹ̀ ni kò kọ́ṣẹ́ bíríkìlà.

Òkúta kan ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Cheval fẹsẹ̀ kọ ọ́ lójú ọ̀nà níbi tó ti ń pín lẹ́tà, ìrísí rẹ̀ wù ú, ó sì mú un dání. Láti ìgbà náà ló ti ń ṣa òkúta: ó kọ́kọ́ ń kó wọn sápò, ó bọ́ sórí apẹ̀rẹ̀, nígbẹ̀yìn ó di bárò. Lálẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́ ìjọba, ló máa ń fi ẹfun àti sìmẹ́ǹtì mọ wọ́n pọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ àtùpà.

Ilé náà gùn tó mítà 26. Lápá ìlà-oòrùn, ère òmìrán mẹ́ta dúró gbagidi: Júlíọ́sì Késárì, jagunjagun Vercingetorix àti onímọ̀ ìṣirò Archimedes. Lápá ìwọ̀-oòrùn, mọ́ṣáláṣí, tẹ́ńpìlì àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù àti ilé olódi ayé àtijọ́ wà lára ògiri kan ṣoṣo. Kì í ṣe ilé gbígbé.

Cheval fẹ́ kí wọ́n sin òun síbẹ̀, àwọn aláṣẹ kọ̀. Ó bá lọ kọ́ ibojì tirẹ̀ sí itẹ́ òkú abúlé náà, ó sì parí rẹ̀ ní 1922.

Akéwì André Breton àti ayàwòrán Picasso wà lára àwọn tó gbóríyìn fún iṣẹ́ náà. Ní 1969, ìjọba Faransé fi ilé náà sára àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí òfin ń dáàbò bò.