Omi iyọ̀ fún ẹ̀dọ̀fóró tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kún inú rẹ̀: ohun tó yẹ kí aláìsàn mọ̀

Ní Mowe, Ibafo àti Ifọ̀, níbi tí eruku títì àti èéfín jẹnẹrétọ̀ ti pọ̀, kì í ṣòro fún èèyàn láti ka ikọ́ tí kò lọ sí eruku lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ tán, tí kòkòrò rẹ̀ sì ti kú, lè máa wúkọ́ síbẹ̀. Nígbà mìíràn, àìsàn náà ti ba àwọn ọ̀nà èémí inú ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, wọ́n sì ti fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á máa gbára jọ síbẹ̀, kòkòrò mìíràn á sì fi ibẹ̀ ṣe ilé. Bronchiectasis ni àwọn dókítà ń pe àìsàn yìí.

Ọ̀kan lára ìtọ́jú rẹ̀ ni omi iyọ̀ tí wọ́n ń rọ sínú nebulizer, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sọ omi di ìkuukùu tí aláìsàn yóò máa mí sínú. Iyọ̀ náà á fa omi wá sára kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ti ki, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á dẹ̀, á sì rọrùn láti wú u jáde. Omi iyọ̀ tó bá ti inú ẹ̀jẹ̀ mu ní gíráàmù iyọ̀ 9 nínú lítà kan. Èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ ní 30 sí 70.

Lọ́dún 2006, ìwádìí kan ní Ọsirélíà fi hàn pé èyí tó le náà dín àìsàn àyà kù fún àwọn tó ní cystic fibrosis, àìsàn àbímọ́ni tó ń mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ki. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Brítéènì lórí bronchiectasis, tó jáde lọ́dún 2025, kò rí i pé ó dín iye ìgbà tí àìsàn náà ń ru sókè kù lọ́nà tó ṣe gúnmọ́. Ìrànlọ́wọ́ ni, kì í ṣe ìwòsàn.

Ewu wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Omi iyọ̀ tó le lè fún àyà pa. Nítorí náà, iwájú nọ́ọ̀sì tàbí dókítà ló yẹ kí aláìsàn ti kọ́kọ́ lò ó, wọ́n sì sábà máa ń fún un ní salbutamol ṣáájú. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi iyọ̀ ọbẹ̀ àti omi kànga po tirẹ̀ nílé. Kí wọ́n fọ ife ẹ̀rọ náà lẹ́yìn ìlò kọ̀ọ̀kan, kí ó sì gbẹ dáadáa.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé ikọ́ tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, tó jẹ́ ọ̀fẹ́ nílé ìwòsàn ìjọba. Bí kòkòrò náà bá ṣì wà láàyè, ikọ́ tí omi iyọ̀ ń fà lè fọ́n ọn ká gbogbo yàrá. Ará Mowe àti Ibafo lè lọ sí ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Ṣágámù, ará Ifọ̀ sì lè lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà, Abẹ́òkúta.

Bí kò bá sí iná tàbí owó ẹ̀rọ, aláìsàn lè ní kí wọ́n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń mí kanlẹ̀, tí wọ́n á dá èémí dúró díẹ̀, tí wọ́n á wá la ẹnu tú u jáde kíkankíkan. Ìyẹn kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.