Èdè Faransé àti Jọ́gíráfì: Ọmọ Ìyá Kan Náà Ni Wọ́n

Ní ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì lónìí, gírámà ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ èdè Faransé máa ń dojú kọ, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ jọ́gíráfì a sì jókòó ti máàpù ní kíláàsì mìíràn, àfi bí ẹni pé ẹ̀kọ́ méjèèjì ò mọ ara wọn rí. Ìtàn ò sọ bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Faransé fúnra rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ìyá tó sì bí wọn ni ìjọba tó ń wá ọ̀nà láti sọ àwọn èèyàn tí èdè wọn yàtọ̀ síra di orílẹ̀-èdè kan. Ẹni tó bá ya méjèèjì nípa níbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kò lè mọ ìdí tí èdè Faransé fi dé ibi tó dé.

Lọ́dún 1794, Àlùfáà Henri Grégoire gbé ìròyìn kan síwájú ilé aṣòfin ìgbà Ìyípadà Faransé. Ó ní, ó kéré tán, mílíọ̀nù 6 nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ni kò gbọ́ èdè Faransé, àti pé àwọn tó ń sọ ọ́ gaara kò ju mílíọ̀nù 3 lọ. Èdè Breton ni wọ́n ń sọ ní Brittany, Basque lẹ́bàá òkè Pyrenees, Occitan ní gúúsù, èdè tó sún mọ́ ti Jámánì sì ni ti Alsace. Àgbẹ̀ tó bá mọ abúlé rẹ̀ àti ọjà tó ń ná ti mọ gbogbo ohun tó ń pè ní ilẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ìṣòro méjì ló wà nílẹ̀: àwọn aráàlú ò gbọ́ èdè ìjọba, wọn ò sì mọ bí orílẹ̀-èdè wọn ti gbòòrò tó.

Ogun ọdún 1870 sí 1871 ló mú kí wọ́n kánjú wá ojútùú. Jámánì ṣẹ́gun Faransé, ó sì gba Alsace àti apá kan Lorraine. Lọ́dún 1871 kan náà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Jules Simon, rán Émile Levasseur àti Auguste Himly káàkiri iléèwé láti yẹ ẹ̀kọ́ ìtàn àti jọ́gíráfì wò. Lọ́dún 1877, Augustine Fouillée, tó fi orúkọ G. Bruno bo ara rẹ̀, tẹ ìwé Le Tour de la France par deux enfants jáde. Ìwé ìkàwé ni, ṣùgbọ́n ìtàn ọmọkùnrin méjì láti Lorraine ló wà níbẹ̀, tí wọ́n ń rìn láti ìlú dé ìlú, láti orí òkè dé èbúté. Bí ọmọdé ti ń kọ́ ìwé kíkà ni ilẹ̀ Faransé ń hàn sí i. Nígbà tí òfin ọdún 1882 sọ iléèwé di dandan, ó ka èdè Faransé àti jọ́gíráfì mọ́ ohun tí gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́, ó sì là á mọ́lẹ̀ pé jọ́gíráfì ilẹ̀ Faransé ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú. Láti 1885 ni máàpù ara ògiri ti Paul Vidal de la Blache bẹ̀rẹ̀ sí í wọ kíláàsì.

Ìsopọ̀ yìí kò dúró sílé. Nígbà tí wọ́n dá Alliance Française sílẹ̀ ní Paris lọ́dún 1883 láti máa kọ́ èdè náà lókè òkun, ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀ ni Pierre Foncin, onímọ̀ jọ́gíráfì tó ń kọ ìwé iléèwé. Bí èdè ti ń tàn ni ààlà náà ń sún. Lọ́dún 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tó pín ilẹ̀ Yorùbá, tí Kétu àti Ṣábẹ fi bọ́ sí ọ̀dọ̀ Faransé. Ìyà kan tilẹ̀ bá iléèwé rìn láti Brittany dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ a gbé ohun ìtìjú kan kọ́rùn, títí yóò fi mú ẹlòmíràn tó ṣe bẹ́ẹ̀, tí yóò sì gbé e fún un.

Àwọn kan lè sọ pé bí máàpù bá ti jẹ́ irinṣẹ́ amúnisìn, ó sàn kí kíláàsì èdè pa á tì. N kò gbà. Ẹ̀bi náà wà lára máàpù tó fi Paris ṣe àárín ayé. Máàpù mìíràn ló yẹ ká gbé kọ́ ògiri. Gbogbo orílẹ̀-èdè mẹ́rin tó bá Nàìjíríà pa ààlà lórí ilẹ̀ ni Faransé ti ṣàkóso rí, lódindi tàbí ní apá púpọ̀. Àwọn mìíràn á ní gírámà ti tó. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ kò lè sọ ní Faransé pé òun ń lọ sí ibì kan bí kò bá mọ̀ bóyá ìlú ni tàbí orílẹ̀-èdè, nítorí ọ̀rọ̀ tó ń ṣáájú orúkọ ibẹ̀ a máa yí padà. Àwọn tó sì dá Abúlé Èdè Faransé sílẹ̀ ní Àgbádárìgì lọ́dún 1991 mọ̀ pé ibi tí a ti ń kọ́ èdè ṣe pàtàkì: ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹ jẹ́ kí Kútọnu, Àjàṣẹ́, Kétu àti Lomé wà nínú ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ ó fi èdè Faransé kọ́ àwọn ọmọ wa. Ẹ so èdè mọ́ ilẹ̀ bí àwọn tó kọ́kọ́ dá ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ti ṣe, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ fún ire tiwa.