Iyọ̀, Ṣúgà àti Ilẹ̀kùn Inú Ìfun: Ìtọ́jú Onígbáméjì ní Ilẹ̀ Wa, 1971 sí 1991

Ní ọdún 1971, nígbà tí àrùn onígbáméjì kọ́kọ́ gbilẹ̀ ní Nàìjíríà, ènìyàn 22,931 ni a kọ sílẹ̀ pé ó kọlù; 2,945 nínú wọn ni ó kú. Ní ọdún 1991 ó tún jà: ó kọlù 59,478, ó sì pa 7,654. Bí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀, nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn, nǹkan bíi mẹ́tàlá ni ó kú nígbà méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ni láàrin ogún ọdún yẹn, ayé ti mọ ìtọ́jú kan tí kò ju omi, iyọ̀ àti ṣúgà lọ. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé òṣùwọ̀n ni a fi ránṣẹ́ sí àwọn ìyá, a kò fi ìdí rẹ̀ ránṣẹ́.

Kí ni ìdí náà? Awọ fẹ́lẹ́ ni ó yí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan nínú ìfun ká. Iyọ̀ ni omi máa ń tẹ̀ lé wọlé. Agbára tí sẹ́ẹ̀lì ń rí láti inú oúnjẹ ni ó fi ń ti sódíọ̀mù inú iyọ̀ jáde sí ìhà ẹ̀jẹ̀ láìsinmi, kí àyè lè ṣí sílẹ̀ fún òmíràn. Jens Skou ará Dẹ́ńmáàkì ni ó ṣàwárí ohun tí ń ṣe iṣẹ́ ìtìjáde yìí ní 1957. Ní 1959, S. N. De fi hàn ní Calcutta pé oró ni kòkòrò onígbáméjì ń tú sínú ìfun. Oró yìí ni ó ń mú kí iyọ̀ àti omi ya jáde. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ní Prague, Robert Crane ṣàlàyé pé ṣúgà àti sódíọ̀mù jọ ń gba ilẹ̀kùn kan náà wọlé ni. Ilẹ̀kùn yìí ni oró náà kò lè tì. Nítorí náà ìfun aláìsàn kì í ṣe ìkòkò fífọ́. Ilé tí olè ti já ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n tí ojúde rẹ̀ ṣì ń gba àlejò.

A sábà máa ń bá àwọn ìyá wí pé wọ́n ń fi omi du ọmọ tí ń ṣe ìgbẹ́ gbuuru. Ẹ jẹ́ kí á rántí pé àwọn dókítà Yúróòpù àti Amẹ́ríkà pẹ̀lú ti fi oúnjẹ du irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí, kí ìfun lè sinmi. Ọdún 1971 náà gan-an ni Dilip Mahalanabis, ní ibùdó àwọn ogunléǹdé ní Bangaon ní Íńdíà, rí i pé omi tí a ń fà sínú iṣan fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó po iyọ̀ àti ṣúgà pọ̀ mọ́ omi fún mímu. Ikú wálẹ̀ sí nǹkan bíi mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún.

Olikoye Ransome-Kuti, mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992, wà lára àwọn tí ó polongo ìtọ́jú yìí nílẹ̀ wa: ṣíbí kékeré iyọ̀ kan tí a gé ojú rẹ̀, ṣíbí ṣúgà mẹ́wàá tàbí kóró márùn-ún, nínú omi ìgò bíà kan tàbí ìgò ẹlẹ́rìndòdò méjì. (Ní ìlú bíi Ẹdẹ, tí Timi Àbíbù Lágúnjú ti jẹ́ ọba Mùsùlùmí láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìgò kejì yìí wúlò púpọ̀.) Ṣùgbọ́n ìyá tí ó rò pé nítorí adùn ni ṣúgà ṣe wà níbẹ̀ yóò dín in kù nígbà tí ó bá wọ́n, bí ó bá sì fi iyọ̀ kún un, omi inú ara ọmọ ni yóò tún fà jáde.

Òótọ́ ni pé iye ti 1991 kò sọ gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ yá nílé, kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀nà ilé ìwòsàn sì jìn sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ abúlé. Síbẹ̀, àlàyé náà kò ṣòro láti ṣe ní Yorùbá, nítorí ohun tí a ó fi ṣe é ti wà nílé. Ìfun a máa sọ èyí tí ó wà nínú ẹ̀kọ di ṣúgà. Ní àwọn ọdún 1980, wọ́n dán omi ìrẹsì oníyọ̀ wò ní Bangladesh, ó sì ṣiṣẹ́. Omi ẹ̀kọ tí àwọn ìyá Ẹdẹ ń fún ọmọ wọn jẹ́ ìbátan rẹ̀; iyọ̀ tí a wọ̀n ni kò sí nínú rẹ̀.